Mọ́tò Ni Mo Ń Gún Lábẹ́rẹ́, Kì Í Ṣe Ènìyàn

Ilé Iṣẹ́ Oyèníran Alábẹ́rẹ́,
Ẹ̀yìn Ọjà Ojúwoyè,
Mushin, Èkó.

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, Ọdún 1979.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Wolé-wolé Ìjọba Ìbílẹ̀,
Mushin, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌWÉ PUPA TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ ILẸ̀KÙN ILÉ IṢẸ́ MI, ÀTI ÌYÀTỌ̀ TÍ Ó WÀ LÁÀRIN ÌŃJẸ́ṢỌ̀N ÀTI TỌ́BÒ

1. Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni Olóyè Ọláṣùpọ̀ Oyèníran, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí Mushin sọ di ńlá, tí òun náà sì fi díẹ̀ kún ìtóbi Mushin. Bí ẹ bá dúró ní Ìdí-Òrò tí ẹ ní ẹ ń wá Bàbá Alábẹ́rẹ́, wọn kò ní bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹyọ kan ni mí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé aláìníláárí kan ni ó ń yọ yín lẹ́nu.

2. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ kí wọ́n ṣí àgádágodo tí òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀, fi ti ilé iṣẹ́ mi, kí wọ́n sì yọ ìwé pupa tí ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn náà. Ìwé yẹn sọ pé mo ń gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ láìní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, n kò gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ rí. Bí dókítà bá fẹ́ gún èmi gan-an, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń wò títí yóò fi parí. Mọ́tò ni mo ń gún. Mẹkáníìkì ni mí.

3. Ẹ ó rí i pé Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Akọ̀wé tí ó máa ń jókòó sí iwájú kọ́ọ̀tù fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi kọ ọ́. Ó ní àwọn ọ̀gá kì í ka Yorùbá. Mo ní kí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ jìnnà sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni, ìńjẹ́ṣọ̀n, tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù, tí ó tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí àwa sì gbà á lẹ́nu òyìnbó tí a pè é ní abẹ́rẹ́, a tún bu iyọ̀ sí i. Bí mo bá tún lọ fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀bẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó kù tí wọn yóò mú mi lọ. Sitáńdáàdì Túù ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í sọnù mọ́ mi lẹ́nu.

4. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di Alábẹ́rẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti kọ́kọ́ sún mọ́ irin, ilẹ̀ ni mo sì ń gbá níbẹ̀. Láti orí ìgbálẹ̀ ni mo ti ń wo ohun tí àwọn tí wọ́n wọ kaki ń ṣe, mo wò ó dé ìdí. Lónìí mo ti kọ́lé sí Mushin, mo kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí wọ́n gba òmìnira lábẹ́ mi sì ti di ọ̀gá ní Ìlúpéjú àti ní Súrùlérè. Nígbà tí Pijó tí ń lo ìńjẹ́ṣọ̀n kọ́kọ́ dé, ẹ̀rù ba gbogbo mẹkáníìkì Èkó. Wọ́n ṣí i lójú, wọn kò rí kábúrétọ̀ tí wọ́n mọ̀. Pọ́ǹpù kan ni wọ́n rí, tí ó ká jọ bí ọmọ inú oyún, tí àwọn páìpù tín-ín-rín jáde lára rẹ̀. Wọ́n dé e padà kíá. Àwọn tí ó láyà nínú wọn tú u dànù, wọ́n fi kábúrétọ̀ àlòkù rọ́pò rẹ̀, mọ́tò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ọkọ ìyàwó tí ó bínú. Èmi kò tú u dànù. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ìwọ náà, ènìyàn ló ṣe ọ́, ènìyàn ni èmi náà." Ó yé mi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Alábẹ́rẹ́, tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí sì ti di ohun tí a ń wá nínú ìwé owó orí.

5. Ọ̀rọ̀ pátákó ni ó kàn. Ní òpópónà kejì sí mi, mẹkáníìkì kan wà tí ń jẹ́ Jẹ̀lílì. Ó sọ ara rẹ̀ ní Dókítà Mọ́tò, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Dókítà lásán. Òun ni olórí àwọn tí ń tú ìńjẹ́ṣọ̀n dànù. Mọ́tò ìbáà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ sọnù" ni oògùn tí ó mọ̀. Èyí tí kò bá gbọ́ oògùn yẹn, ó ní ó ti kú, wọn a sì fi okùn wọ́ ọ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀jẹ̀túndé tí ń kọ pátákó. Mo ka gbogbo iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún un. Ó kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, ó wá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, pátákó nìyí, kì í ṣe ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ gé e kúrú." A gé e kúrú. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ nìyí, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè lọ kà á:

BÀBÁ ALÁBẸ́RẸ́
ÌŃJẸ́ṢỌ̀N ÀTI TỌ́BÒ
ÈYÍ TÍ DÓKÍTÀ BÁ KỌ̀, Ẹ GBÉ E WÁ
YÓÒ JÍ DANDAN

Ẹ̀yin Ọ̀gá, láti ìgbà tí pátákó yẹn ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ní Mushin kò ṣì í kà. Jẹ̀lílì fúnra rẹ̀ kà á, ó bínú, ó ní mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí fi hàn pé ó yé e.

6. Mo gbọ́dọ̀ sọ bí inú ilé iṣẹ́ mi ti rí, nítorí ìmọ́tótó mi wà lára ohun tí wọ́n fi mú mi. Àwọn mọ́tò wà ní àgbàlá ẹ̀yìn. Iwájú ni yàrá tí a ti ń tú pọ́ǹpù ìńjẹ́ṣọ̀n. Pọ́ǹpù yìí kò fẹ́ ìdọ̀tí. Irin inú rẹ̀ fún mọ́ra débi pé irun orí kò lè gba àárín wọn, iyanrìn bíńtín kan sì tó láti pa á. Nítorí náà mo kun yàrá náà ní funfun. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Mo ní abọ́ fífẹ̀ tí mo ń rẹ àwọn irin kéékèèké tí à ń pè ní nọ́sù sí, àwọn tí epo ń gba ẹnu wọn jáde, wọ́n sì mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ni kò mọ́ tó yàrá mi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ wolé-wolé, ṣé ó yẹ kí ẹ fi ẹ̀sùn kan ènìyàn nítorí pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́?

7. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tí ó kọjá. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba, ó mú báírò àti ìwé dání, ó sì kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ka pátákó. Ó wo yàrá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kí ó tó wọlé. Inú mi dùn, mo rò pé òkìkí mi ti dé etí ìjọba, wọ́n sì fẹ́ máa gbé àwọn mọ́tò ìjọba wá fún mi. Èyí ni ó mú kí n dá a lóhùn bí mo ti ṣe dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀:

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Alábẹ́rẹ́?"

Mo ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó ní, "Ta ni ó kọ́ yín níṣẹ́ náà?"

Mo ní, "Ojú mi. Ojú ni ó kọ́ ọwọ́, ọwọ́ ni ó wá ń kọ́ àwọn yòókù."

Ó ní, "Ṣé ẹ ní ìwé ẹ̀rí?"

Mo ní, "Ìwé ẹ̀rí mi ń bẹ ní ìgboro, wọ́n ń sáré kiri. Bọ́ síta kí o lọ kà wọ́n, ọmọ mi."

Ó ní, "Tọ́bò tí ẹ kọ síta yìí, kí ni ó ń ṣe?"

Mo ní, "Agbára ni. Àwọn tí wọ́n sígbọnlẹ̀, tí wọ́n ń ru ẹrù wúwo, ni ó wà fún. Bí ó bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọn kì í bẹ̀rù òkè mọ́."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé èyíkéyìí ti kú sí yín lọ́wọ́ rí?"

Mo ní, "Wọn kò pọ̀, òkú ni wọ́n sì wọ́ wọn dé. Mo yọ ohun tí ó dára nínú wọn, mo fi wo àwọn tí ó ṣì lẹ́mìí sàn."

Báírò rẹ̀ dúró. Ó ní, "Àwọn tí ó ni wọ́n ńkọ́?"

Mo ní, "Àwọn tí ó ni wọ́n ni wọ́n tà wọ́n fún mi."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ tún un kà. Irọ́ kankan kò sí nínú ohun tí mo sọ. Ká ní ó béèrè ẹyọ ìbéèrè kan, pé, "Bàbá, ṣé ènìyàn ni àbí mọ́tò?", à bá ti rẹ́rìn-ín, n bá sì ti ra ohun mímu tútù fún un.

8. Bí ọ̀rọ̀ ti wà báyìí ni Nọ́ọ̀sì Hilda jáde láti àgbàlá. Agbẹ̀bí ni Nọ́ọ̀sì Hilda, ní Èbúté Mẹ́ta, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Pijó rẹ̀ ni ó wà lọ́dọ̀ mi, tí mo tú pọ́ǹpù rẹ̀ sórí tábìlì, ó wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé báàgì rẹ̀ dání. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un ní tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú o. Àwọn aboyún mi ń dúró." Pọ́ǹpù ni ó ń sọ, pé kí n dá a padà sí ara mọ́tò. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ wo aṣọ rẹ̀, ó wo báàgì rẹ̀, ó wo àwọn nọ́sù inú abọ́, ó bọ bàtà rẹ̀ padà. Ó ní kí gbogbo wa jáde. Mo sọ fún un pé mọ́tò wà lẹ́yìn, kí ó wá wò ó. Ó ní ohun tí òun rí ti tó òun, pé mọ́tò àwọn oníbàárà mi ni. Ó ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì Hilda ń ké pé, "Ọ̀gbẹ́ni, mọ́tò mi!" Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ó yẹ kí ojú tì yín."

9. Ẹ̀dà ìwé tí ó kọ ránṣẹ́ sí yín wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní mo ń fún àwọn aláìsàn ní ìńjẹ́ṣọ̀n, "àti irú ìńjẹ́ṣọ̀n líle kan tí ń jẹ́ tọ́bò, tí àwọn alábàárù ń gbà kí agbára wọn lè pọ̀." Pé ó pè mí ní ayédèrú dókítà, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n pé ó pe tọ́bò ní irú ìńjẹ́ṣọ̀n kan, ìyẹn wọ̀ mí dé egungun. Nígbà tí mo wá sí ọ́fíìsì yín láti ṣàlàyé, akọ̀wé tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kí n rí yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ìńjẹ́ṣọ̀n, tọ́bò, kí ni ìyàtọ̀? Ṣebí gbogbo rẹ̀ náà ni láti fún nǹkan lágbára." Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ ní ọ́fíìsì yín, ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Èmi yóò sọ ọ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó mọ̀ pé kò sí ara ènìyàn tí tọ́bò lè wọ̀.

10. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́: epo, afẹ́fẹ́ àti iná. Bí ọ̀kan kò bá sí, irin lásán ni. Nínú mọ́tò àtijọ́ tí ń lo kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó ń fà á fúnra rẹ̀. Bí ó ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, afẹ́fẹ́ yẹn ń gba iwájú ihò kékeré kan tí epo wà nínú rẹ̀ kọjá, epo á sì tẹ̀ lé e wọlé. Ó dà bí ọmọ tí ń mu ọyàn. Ìwọ̀n tí ó bá fà ni ó ń rí, ìgbà mìíràn á pọ̀ jù, ìgbà mìíràn kò ní tó.

Ìńjẹ́ṣọ̀n kò dúró kí ọmọ fà á. Gbogbo yín ni ẹ mọ bí ìyá Yorùbá ṣe ń rọ ọmọ. Á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, á kó ọwọ́ jọ sí i lẹ́nu, á da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i, á sì mọ ìwọ̀n tí ó ń dà. Ọmọ fẹ́, ọmọ kọ̀, á gbé e mì. Ìńjẹ́ṣọ̀n nìyẹn. Pọ́ǹpù ń fi agbára ti epo, nọ́sù ń fọ́n ọn jáde bí ìrì, ìwọ̀n tí ó yẹ, ní àsìkò tí ó yẹ. Epo nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì láti fà fúnra rẹ̀.

11. Tọ́bò ni òdìkejì. Tọ́bò kò fọwọ́ kan epo. Afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ ti rí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ rí. Èédú wà nínú iná, ó ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ti fin ẹwìrì sí i, iná á ké, irin á pọ́n. Ẹwìrì kò fi èédú kún èédú. Afẹ́fẹ́ ni ó fi kún un. Tọ́bò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ tú u wò ni ẹni tí ń fin ín. Kò sí ọmọ alágbẹ̀dẹ kankan nídìí rẹ̀. Èéfín ni. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tu jáde kí ó tó dé sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín ẹ̀yìn mọ́tò, òun ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ mìíràn wà ní òdìkejì irin kan náà, bí ti ìṣáájú bá ti ń yí, èkejì á máa yí pẹ̀lú, á máa ki afẹ́fẹ́ tútù bọ inú ẹ́ńjìnnì ju èyí tí ó lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ rí ọgbọ́n! Ohun tí mọ́tò tu dànù ni ó padà di agbára fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ibí yìí, nítorí ibí ni ó ti ń rú àwọn ènìyàn lójú. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe oúnjẹ. Bí ẹ bá fin ẹwìrì títí di ọ̀la sí ibi tí èédú kò sí, eérú ni ẹ ó fẹ́ sí ara yín lójú. Nítorí náà, tí tọ́bò bá mú afẹ́fẹ́ púpọ̀ wá, ó di dandan kí epo náà pọ̀ sí i kí agbára tó dé. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi lè bá ara wọn gbé nínú ẹ́ńjìnnì kan. Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lo dísẹ̀lì ni ó ní ìńjẹ́ṣọ̀n. Àwọn tuntun ńlá nínú wọn ni ó tún ní tọ́bò. Pijó Nọ́ọ̀sì Hilda ní ìńjẹ́ṣọ̀n, kò ní tọ́bò. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti ń fi tọ́bò sí mọ́tò kéékèèké báyìí. Ẹyọ kan ti dé ọ̀dọ̀ mi láti Ìkòyí, mo gbọ́ bí ó ti ń súfèé, mo sì mọ̀ pé ayé ti yí padà. Iṣẹ́ ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì: agbépo ni ìńjẹ́ṣọ̀n, afinná ni tọ́bò. Àìsàn wọn pàápàá kò jọra. Bí ìńjẹ́ṣọ̀n bá ń ṣàìsàn tí epo ń pọ̀ jù, èéfín dúdú ni ẹ ó rí. Bí tọ́bò bá ń ṣàìsàn tí ọ́ìlì rẹ̀ ń jò wọ inú, èéfín á dà bí aró. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò máa wo ikọ́ fún ẹni tí inú ń run.

12. Mo padà sí ohun tí ó ń dùn mí. Pọ́ǹpù Nọ́ọ̀sì Hilda wà lórí tábìlì yẹn ní títú sílẹ̀, lórí aṣọ funfun, àgádágodo yín sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù Keje ni a wà. Òjò ń rọ̀. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀, nítorí wọn kò jẹ́ kí n padà wọlé lọ tì í. Irin tí irun orí kò lè gba àárín rẹ̀, bí ìpẹtà bá bọ́ sí i, ó parí nìyẹn. Irú rẹ̀ kò sí ní ọjà kankan tí mo mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni yóò lè ṣe sí mọ́tò náà nígbà náà ni ohun tí Jẹ̀lílì ń ṣe, kí a yọ ọ́ sọnù. Èmi Oyèníran, kí a gbọ́ pé mo fi kábúrétọ̀ sí Pijó ìńjẹ́ṣọ̀n! Mo ti rí Jẹ̀lílì tí ó gba iwájú ilẹ̀kùn mi kọjá. Ó ka ìwé pupa náà sókè ketekete. Ó kí mi, ó ní, "Bàbá Alábẹ́rẹ́, èyí tí ìjọba bá kọ̀ ńkọ́, níbo ni ká gbé e lọ?" Mo yí àga mi padà. Ojú ọ̀nà ni mo ń wò.

13. Èyí tí ó burú jù ni mo fi sí ìkẹyìn, mi ò sì fi ṣeré. Nọ́ọ̀sì Hilda ń gbẹ̀bí fún àwọn ìyàwó alábàárù àti ìyàwó awakọ̀ ní Ìjọra, ní àwọn ibi tí táksí kì í fẹ́ wọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ti mọ́tò rẹ̀ mọ́lé, ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Àríkẹ́ ti ń rọbí. Ó gba inú omi kọjá láti Èbúté Mẹ́ta. Kí ó tó dé, ọmọ ti wà nílẹ̀, ìwọ́ sì ti wé e lọ́rùn. Ọlọ́run ni ó ní kí ọmọ náà ké. Nọ́ọ̀sì Hilda wá sọ́dọ̀ mi láti ibẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún aṣọ funfun rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó, ó ní, "Bàbá, ti òní bọ́ sí i. Ti ọ̀la ńkọ́?" Mo bu omi fún un kí ó fi fọ ẹsẹ̀.

14. Ẹ sì wo ohun tí ìwé pupa yín tún dá sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí pátákó mi ti wà níta, ẹnikẹ́ni kò gbé aláìsàn wá bá mi rí, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé mẹkáníìkì ni mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn mi pé ilé abẹ́rẹ́ ni, àwọn ènìyàn gba ìjọba gbọ́. Wọ́n ní bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi tì í? Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn ilé mi báyìí. Àná, Àmúdàtù tí ń ta fìtílà ní Ojúwoyè gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná dé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé wọ́n ní kí ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ bá mi gún un ní bòókẹ́lẹ́, ẹ ṣàánú mi." Mo ní, "Àmúdàtù, ìwọ! Ṣé ìwọ kò mọ̀ mí ni? Ṣebí èmi ni mo tún mọ́tò ọkọ rẹ ṣe." Ó ní, "Mo mọ̀ yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé." Mo rán an sí Nọ́ọ̀sì Hilda. Kò bá a nílé, ó ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjọra. Ọsibítù ìjọba ni mo wá fi táksí gbé wọn lọ. Ọmọ náà wà níbẹ̀, wọ́n ní ibà náà ti ń lọ sílẹ̀.

15. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, n kò sì bẹ ènìyàn rí láti ìgbà tí mo ti gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ wá fúnra yín. Ẹ mú Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ dání, n kò ní sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i. Kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó wọlé, kí ó sì kọjá sí àgbàlá tí kò dé lọ́jọ́ kìíní. Èmi yóò fi ìńjẹ́ṣọ̀n hàn án lọ́tọ̀, èmi yóò fi tọ́bò hàn án lọ́tọ̀ lára ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wà níbẹ̀, kí ó baà lè dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá rí aláìsàn kan níbẹ̀ tí kò ní táyà mẹ́rin, ẹ fi àgádágodo náà ti èmi alára mọ́lé.

Ní ti pátákó, mo ti gbà fún yín. Ọ̀jẹ̀túndé yóò ya mọ́tò sí òkè rẹ̀, mo ti ní kí ó yà á kí ó tóbi, kí wolé-wolé lè rí i láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nípa Dókítà, n kò ní pa á rẹ́. Jẹ̀lílì mọ ìdí rẹ̀.

Bí ọwọ́ yín bá kún tí ẹ kò lè wá kíákíá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá ṣí ilẹ̀kùn fún wákàtí díẹ̀ kí n to pọ́ǹpù yẹn padà, kí n sì ti mọ́tò náà síta fún ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn náà, ẹ lè ti èmi àti òkìkí mi mọ́lé títí ẹ ó fi ráyè. Alábẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ń gún ènìyàn. Ó ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ni ẹ ti mọ́tò rẹ̀ mọ́lé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo jókòó síta lẹ́nu ọ̀nà ara mi,

Olóyè Ọláṣùpọ̀ Oyèníran (Alábẹ́rẹ́ Mọ́tò),
Bàbá Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Mẹkáníìkì, Ẹ̀yìn Ọjà Ojúwoyè.